Ohun Tí Wọn Ò Jù Nù: Àtúnwò Fíìmù àti Eré Tẹlifíṣọ̀n Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì



Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1954, BBC gbé eré kan sáfẹ́fẹ́ tí wọ́n fà yọ láti inú ìwé George Orwell, Nineteen Eighty-Four. Nigel Kneale ló sọ ìwé náà di eré, Rudolph Cartier ló darí rẹ̀. Peter Cushing ló ṣe Winston Smith, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìjọba kan náà fìyà jẹ títí tí kò fi mọ ohun tó gbà gbọ́ mọ́. Wọn kò ya èyí tó pọ̀ jù nínú eré yìí sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí òṣèré ṣe ń la ẹnu ní sítúdíò ni ará ilé ń gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ariwo ti ta. Àwọn kan ní irú nǹkan báyìí kò yẹ kó wọ ilé ọmọlúàbí lálẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn aṣòfin kan gbé àbá kalẹ̀ láti bu ẹnu àtẹ́ lù ú, àwọn mìíràn sì dìde láti gbèjà rẹ̀.

BBC kò yẹsẹ̀. Wọ́n ti là á sílẹ̀ pé eré náà máa tún wáyé ní ọjọ́bọ̀, ó sì wáyé. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí bó ṣe wáyé: gbogbo òṣèré ló padà wá sí sítúdíò, wọ́n tún aṣọ wọ̀, wọ́n tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ láti òkè délẹ̀, wọ́n sì tún fìyà jẹ Cushing lẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé Ògúnǹdé ṣe máa ń ṣe eré kan náà n'Íbàdàn lónìí, tí wọn á tún un ṣe n'Íléṣà lọ́la, bẹ́ẹ̀ gan-an ni tẹlifíṣọ̀n Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń tún eré ṣe nígbà náà. Ti ọjọ́bọ̀ yìí ni wọ́n fi kámẹ́rà fíìmù yà. Òun ni à ń wò títí dòní. Ti ọjọ́ Àìkú tó dá gbogbo ìjà sílẹ̀, ojú kankan kò ní rí i mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé òun fẹ́ tún àwọn eré ògbólógbòó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wò, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé: èwo ló kù? Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju èyí lọ. Àwọn eré tí ayé ń pè ní àgbà eré, kì í ṣe pé àjọ kan jókòó, ó wọ̀n wọ́n, ó sì rí i pé wọ́n ju àwọn yòókù lọ. Àwọn tí ẹnì kan kò jẹ́ kí wọ́n ṣègbé ni. Nígbà mìíràn, ẹni náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń pa nǹkan mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá sì rí bẹ́ẹ̀, kò yẹ ká máa fojú ẹlòmíràn wò wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ìjùnù yìí díẹ̀díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé òpònú ló ṣe é. Kì í ṣe òpònú rárá. Láti ọdún 1958 ni BBC ti ń lo téèpù tó fẹ̀ ní ínǹṣì méjì. Téèpù náà wọ́n púpọ̀, ó sì ṣeé pa rẹ́ kí wọ́n tún fi ya nǹkan mìíràn. Ẹgbẹ́ òṣèré, Equity, ti bá wọn ṣe àdéhùn pé wọn kò gbọdọ̀ máa tún eré gbé sáfẹ́fẹ́ bó ṣe wù wọ́n, nítorí bí wọ́n bá ń fi eré àná dí àyè, iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ òṣèré òní. Ohun tó tọ́ ni òṣèré béèrè. Lẹ́yìn náà ni tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dé ní ọdún 1967, eré dúdú-àti-funfun sì di ọjà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á. Téèpù wọ́n, àdéhùn kò jẹ́ kí wọ́n tún eré gbé jáde, ẹni tó máa rà á kò sí. Ta ni nínú wa, tó bá jẹ́ akápò iléeṣẹ́ náà, tí kò ní ní kí wọ́n pa á rẹ́? Ọdún 1978 ni ọwọ́ tó dúró. Ìgbà yẹn ni BBC wá dá ilé ìpamọ́ tòótọ́ sílẹ̀ fún fíìmù àti téèpù, tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀, Sue Malden, sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó kù àti ohun tó ti lọ.

Ohun tó ti lọ pọ̀. The Quatermass Experiment ti ọdún 1953, tí ọwọ́ Kneale àti Cartier náà kọ́kọ́ fi gbayì, apá 6 ni. Méjì àkọ́kọ́ nìkan ló wà nílẹ̀. Bob Dylan olórin fúnra rẹ̀ ṣe nínú eré kan lórí BBC ní ọdún 1963, kí òkìkí rẹ̀ tó kàn. Wọ́n pa á rẹ́.

Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni Doctor Who. Ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1963 ni eré náà bẹ̀rẹ̀, ìtàn arìnrìn-àjò kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà, tó ń gba inú àsìkò kọjá nínú àpótí ọlọ́pàá tí inú rẹ̀ tóbi ju ìta lọ. Apá 253 ni wọ́n ṣe láàárín ọdún 1963 sí 1969. Ohun tó gba ọ̀pọ̀ lára wọn là ni pé BBC máa ń da eré kọ sórí fíìmù tín-ínrín kí wọ́n lè tà á fún orílẹ̀-èdè mìíràn. Fíìmù yẹn á ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Ọsirélíà, sí Hong Kong, sí Zambia, sí Nàìjíríà. Bí iléeṣẹ́ kan bá lò ó tán, á fi ránṣẹ́ sí èkejì. Tí àdéhùn bá parí, wọ́n ní láti dá a padà tàbí kí wọ́n bà á jẹ́.

Àwọn kan ní ilẹ̀ wa kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ní àárín ẹ̀wádún 1980 ni apá mélòó kan nínú ìtàn Doctor Who méjì, The Time Meddler àti The War Machines, ti kọ́kọ́ ti Nàìjíríà padà dé Lọ́ńdọ̀nù. Àrà ńlá wá dé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, nígbà tí BBC kéde pé ọkùnrin kan, Philip Morris, tó ń kiri ayé wá fíìmù tó sọnù, ti rí apá 9 tó ti sọnù ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Jos. Márùn-ún nínú wọn jẹ́ ti The Enemy of the World, mẹ́rin jẹ́ ti The Web of Fear. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti wà nínú àpótí wọn. Mo ti gbọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́, pé àìbìkítà àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ló gbà wọ́n. Èmi kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Ẹni tó ní eré ló jù ú nù, àlejò ló gbé e pa mọ́. Jos yìí kan náà ni wọ́n ti rí Shaihu Umar ní ọdún 2016, fíìmù Hausa tí Adamu Halilu ṣe láàárín ẹ̀wádún 1970, tí gbogbo èèyàn ti gbà pé ó ti parẹ́. Àwọn ará Berlin bá wọn tún un ṣe, wọ́n sì fi í hàn ní àjọ̀dún fíìmù ìlú náà ní ọdún 2018.

Ohun tí mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n rí àwọn eré yìí. Kí ọdún 2013 tó dé, apá kẹta nìkan ló kù nínú The Enemy of the World. Apá náà falẹ̀, ó dà bíi pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, àwọn olólùfẹ́ Doctor Who sì ti fi dá gbogbo eré náà lẹ́jọ́: wọ́n ní kò ní láárí. Nígbà tí márùn-ún yòókù dé, ojú tì wọ́n. Patrick Troughton ló ṣe Dókítà, òun náà ló tún ṣe Salamander, ìkà tó fẹ́ fi ẹ̀tàn jọba lé ayé lórí. Bó ṣe ń yí ohùn àti ìrìn padà láàárín àwọn méjèèjì, oúnjẹ ojú ni. Lónìí, ọ̀pọ̀ ló ń kà á mọ́ àwọn tó dára jù ní ìgbà Troughton.

Òdìkejì rẹ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ rí. The Tomb of the Cybermen ti ọdún 1967 ti sọnù pátápátá, àwọn tó wò ó ní kékeré sì ń ròyìn rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1992 ni ìròyìn kàn pé wọ́n ti rí i ní Hong Kong. Eré tó dára ni, kò sí iyèméjì, ṣùgbọ́n kò tó ìròyìn rẹ̀. Okùn tí wọ́n fi so òṣèré kan rọ̀ hàn gbangba. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sì fi sínú ìròyìn rẹ̀ fún wa ni ọ̀rọ̀ Toberman. Roy Stewart, ọmọ bíbí Jamaica, ló ṣe é. Òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú nínú eré náà. Agbára ni wọ́n fún un, wọn kò fún un ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń ru ẹrù, ó ń já ilẹ̀kùn, ó ń jà fún ọ̀gá rẹ̀, ó sì kú kí àwọn tó kù lè yè. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe ìrántí eré yìí rántí àwọn ẹ̀dá irin tó ń ya jáde látinú yìnyín. Èmi, ní tèmi, Toberman ni mo ń wò. Ẹni tó bá wò ó tán tí kò béèrè ìdí tí ọkùnrin yẹn fi dákẹ́, kò tíì tún un wò.

Ọdún 58 kọjá lẹ́yìn èyí kí Doctor Who tó dé Èkó. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, BBC gbé The Story & the Engine sáfẹ́fẹ́, tí Inua Ellams kọ, akéwì tí wọ́n bí ní Jos tó sì dàgbà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Èkó ni ọ̀pọ̀ ìtàn náà ti wáyé. Ariyon Bakare ló ṣe onígbàjámọ̀ tó há àwọn oníbàárà mọ́lé, tó sì ń béèrè ìtàn lọ́wọ́ wọn bí ó ti ń gé irun wọn, torí ìtàn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Ojú máa ń ti àwọn kan láti sọ pé àwọn fẹ́ràn apá yẹn nítorí Èkó wà nínú rẹ̀. Ojú kò tì mí. Ẹ fi Toberman sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọkùnrin inú ṣọ́ọ̀bù yẹn tí wọn kò lè dákẹ́, kí ẹ wá sọ fún mi pé kò sí ohun tó yí padà.

Mo fẹ́ mẹ́nu ba eré méjì kí n tó dé ibi tí mò ń lọ gan-an. Èkíní ni Cathy Come Home, tí Ken Loach darí, tí Jeremy Sandford kọ, tó jáde ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 1966. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 èèyàn ló wò ó. Ìtàn tọkọtaya kan ni, tí àìríléégbé ń lé láti ibì kan sí ibòmíràn títí tí wọ́n fi tú ká, tí àwọn aláṣẹ sì gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá. Wọ́n máa ń sọ pé eré yìí ló bí ẹgbẹ́ Shelter tó ń jà fún àwọn tí kò rílé gbé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ń múra ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ kí eré tó jáde, ọjọ́ díẹ̀ ni eré náà kàn fi ṣáájú ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ náà. Ṣùgbọ́n eré náà ló jẹ́ kí etí ìlú là sí ohun tí ẹgbẹ́ náà ń wí. Ohun tó jẹ́ kó wà títí dòní ni pé Loach kọ̀ láti jókòó sí sítúdíò: ó gbé kámẹ́rà fíìmù jáde sí ìgboro, fíìmù kò sì ṣeé pa rẹ́ kí wọ́n tún un lò bíi téèpù.

Èkejì ni The Prisoner, ti ọdún 1967 sí 1968. Patrick McGoohan ló ṣe amí tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, tó jí lọ́jọ́ kan tó bá ara rẹ̀ ní abúlé tí gbogbo èèyàn ti ń jẹ́ nọ́ńbà dípò orúkọ. Portmeirion ní Wales ni wọ́n ti ya abúlé náà. Apá 17 ló jẹ́, gbogbo rẹ̀ sì wà nílẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀ tó ń dán, nítorí Lew Grade, ọ̀gá iléeṣẹ́ tó gbé e jáde, fẹ́ tà á fún Amẹ́ríkà, kò sì sí ẹni tó ń pa ohun tó ń mówó wọlé rẹ́. Ìparí rẹ̀ bí àwọn tó ń wò ó nínú gidigidi. Èmi náà rò pé ìparí yẹn kò dára tó bí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ṣe ń pariwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọlẹ́yìn yẹn ló sọ ọ́ di ohun tó jẹ́, kì í ṣe McGoohan.

Mo dé ibi tí mò ń lọ: The Wicker Man. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ fíìmù tó ní ọmọlẹ́yìn ju èrò lọ, òun ni olórí wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Robin Hardy ló darí rẹ̀, Anthony Shaffer ló kọ ọ́, gúúsù Scotland ni wọ́n ti yà á ní ìparí ọdún 1972. Ìgbà ìrúwé ni ìtàn náà ti wáyé, ṣùgbọ́n ìgbà òtútù ti ń wọlé nígbà tí wọ́n ń yà á, débi pé wọ́n ní láti fi òdòdó àtọwọ́dá ṣe igi lọ́ṣọ̀ọ́. Christopher Lee, tó ṣe Lord Summerisle, kò gba kọ́bọ̀. Iléeṣẹ́ tó ni fíìmù náà, British Lion, kò mọ ohun tí wọ́n máa fi í ṣe. Wọ́n gé e kúrú, ó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1973, wọ́n sì fi í ṣe àfikún sí fíìmù mìíràn, Don't Look Now. Ìtàn kan wà pé fíìmù tí wọ́n gé kúrò wà lábẹ́ títì márosẹ̀ M3, pé wọ́n fi dí kòtò nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ̀nà. Ìtàn dídùn ni, bí ìtàn sì ni kí a gbà á. Roger Corman, ará Amẹ́ríkà, ni ẹ̀dà gígùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí i kó gbà wọ́n nímọ̀ràn. Wọ́n tún rí òmíràn ní ilé ìpamọ́ fíìmù Harvard, òun ni wọ́n fi ṣe èyí tó jáde ní ọdún 2013.

Ẹ gbọ́ ìtàn náà ní ṣókí. Sájẹ́ǹtì Howie, tí Edward Woodward ṣe, jẹ́ ọlọ́pàá àti onígbàgbọ́ paraku. Lẹ́tà kan pè é wá sí erékùṣù Summerisle pé ọmọbìnrin kan ti sọnù níbẹ̀. Ó débẹ̀, ó bá àwọn ará ìlú tí kò mọ Jésù, tí wọ́n ń bọ oòrùn àti ilẹ̀, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Igi èso wọn kọ̀ láti so ní ọdún tó kọjá. Howie rò pé ọmọ náà ni wọ́n fẹ́ fi rúbọ. Òun gan-an ni wọ́n ń dúró dè.

Àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì máa ń ka fíìmù yìí sí ìjà láàárín ẹ̀sìn tuntun àti ẹ̀sìn àbáláyé. Yorùbá tó bá wò ó kò ní pẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni. Kò sí ẹ̀sìn àbáláyé ní Summerisle. Lord Summerisle, tó ni erékùṣù náà, fẹnu ara rẹ̀ sọ fún Howie pé bàbá bàbá òun, ọ̀mọ̀wé nípa ohun ọ̀gbìn, ló ra erékùṣù náà ní ọdún 1868. Ó mọ irú èso tuntun tó lè so níbẹ̀, ó sì nílò alágbàṣe. Ó wá fún àwọn ará ìlú ní òrìṣà kí iṣẹ́ lè yá wọn lára, àwọn àlùfáà ìjọ sì sá lọ. Ẹ gbọ́ o: ọlọ́ko ló fi òrìṣà kọ́ alágbàṣe! Kò sí ìdílé tó jogún ẹ̀sìn yẹn, kò sí babaláwo tó kọ́ ọ fún ọdún gbọọrọ, kò sí ẹni tó dá Ifá kó tó mọ ohun tí wọ́n máa fi bọ. Ní ilẹ̀ wa, ẹbọ ní ẹni tó ń béèrè rẹ̀, ó ní ẹni tó ń dá a, ó ní ohun tí wọ́n lè fi dípò rẹ̀. Ní Summerisle, onílẹ̀ ló ń sọ, onílẹ̀ ló ń dá a. Mo ti bá àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù jiyàn lórí èyí, àwọn tó rò pé Summerisle ń gbèjà ìṣẹ̀ṣe. Kò gbèjà rẹ̀. Ó wọ aṣọ rẹ̀ ni.

Howie náà kò mọ́. Ojú tó fi ń wo àwọn ará erékùṣù náà kò yàtọ̀ sí ojú tí àwọn míṣọ́nnárì fi wo àwọn baba wa, ó sì rọrùn fún wa láti fẹ́ kí wọ́n fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀. Mo gbà pé mo gbádùn ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ní etí òkun, nígbà tó ti mọ̀ pé ikú ti dé, ó sọ ohun kan fún Lord náà níwájú àwọn èèyàn rẹ̀: bí èso kò bá so lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀jẹ̀ ta ni wọ́n máa béèrè? Kò sí ẹlòmíràn tó tó Lord náà fúnra rẹ̀. Ẹ wo ojú Christopher Lee níbẹ̀. Ó ní kì yóò ṣàì so, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́. Àwọn ará Ọ̀yọ́ àtijọ́ kò ní nílò àlàyé: Baṣọ̀run gbé igbá òfìfo fún Aláàfin, Aláàfin sì mọ̀ pé ikú ló túmọ̀ sí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Aláàfin mọ̀ láti ọjọ́ tó gorí ìtẹ́ pé igbá yẹn wà. Ẹni tó ra ìlú, tó fi òrìṣà kọ́ ìlú, kò rántí pé òun náà wà lábẹ́ òrìṣà ọ̀hún.

Bí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ má ṣe wo èyí tó kúrú jù. Wọ́n fún alẹ́ méjì pọ̀ di ẹyọ kan nínú rẹ̀, Lord náà sì pẹ́ kó tó yọjú. Ti ọdún 2013 ni kí ẹ wá. Fíìmù náà kò sọ bóyá èso so lọ́dún kejì. Ẹ wò ó kí a tó tún pàdé, kí ẹ wá sọ fún mi ẹni tí ẹ bá dúró nínú Howie àti Lord náà, torí èmi kò bá ìkankan nínú wọn dúró.